Ìkóẹrù: Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí ìtọ́jú ilé àti ẹrù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀: báwo la ṣe lè kó kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí àga, tábìlì, àwo àti ẹ̀rọ wa kò fi ní bàjẹ́?

Kò sí oṣù tí ẹnìkan kì í kó ẹrù ládùúgbò wa, ní Ìkìrun, Ìníṣà, Ìgbàyè àti Òkukù. Owó ilé ẹnìkan parí. Onílé fẹ́ lo yàrá rẹ̀. Ìjọba gbé tíṣà kúrò ní Ìkìrun lọ sí Òkukù. Ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń kàwé ní ọgbà Òkukù parí ẹ̀kọ́, ó ń palẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì l'Ékòó, ó sì ń kó ohun tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ rà padà wá sínú ilé tó kọ́ sí Ìgbàyè. Ṣùgbọ́n ẹ yà kí wọn ní ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ àga ti yẹ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ò pa dé mọ́, dígí ti là, firíìjì ń kùn ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ò tutù. Awakọ̀ la máa ń dá lẹ́bi, tàbí ká ní gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà ló fà á. Gálọ́ọ̀pù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tẹ́ ẹ rí tó fọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé inú yàrá ló ti fọ́, nígbà tá a fi ìkánjú dì í.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ ìkóẹrù ìkánjú dáadáa. Nígbà ogun Jálumi ní ọdún 1878, àwọn ará Òkukù sá wọ Ìkìrun. Ẹ̀yìn tí ogun Kírìjì, tó ṣì ń jà lẹ́yìn náà, parí ni wọ́n tó padà lọ tún ilé wọn ṣe. Ẹni tí ogun ń lé kì í ṣa ẹrù. Ohun tí orí bá lè rù ló ń rù.

Èyí tí àwọn àgbà ilé wa ṣì lè sọ fún wa lẹ́nu ara wọn ni ti Gáná. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìníṣà, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti ń ṣòwò ní Àkrá, ní Kùmásí àti ní Tàmálè. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé náà tàbí kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀dì onírin, àga, àwo, ọjà tó kún ìsọ̀, àti gbèsè tí àwọn oníbàárà ò tíì san! Àwọn mìíràn ta ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn fà á lé aládùúgbò lọ́wọ́, wọn ò sì padà rí i mọ́. Ẹni tó bá rí mọ́tò wọ̀, ẹnubodè mẹ́ta ló máa là kọjá: ti Tógò, ti Dàhòmì tá à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, àti ti Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ó yí kan àwọn ará Gáná tó wà lọ́dọ̀ wa. Ìjọba Shehu Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé àṣẹ máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ wọn. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí wọ́n kó ẹrù sí lọ́jọ́ náà ni gbogbo wa mọ̀ sí Gáná-mọ́s-gò títí di òní.

Kí ló dé tí mo fi ń rán yín létí? Àwọn tí mo dárúkọ yìí kò lówọ́ sí ìkánjú tó bá wọn. Àwa ńkọ́? Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa parí. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì mọ̀ ọ́n láti ọdún tó kọjá. Síbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la máa ń wá okùn kiri. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún àwọn èèyàn wa láti fi palẹ̀ ayé wọn mọ́ ní Gáná, ẹ jẹ́ ká fún ara wa ní iye yẹn láti kó láti Ìníṣà dé Ìkìrun, ẹ ó rí i pé ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tíì di nǹkan kan. Ṣíṣà ni kẹ́ ẹ máa ṣà. Àga tó ti ń mì, ìkòkò tó ti lu, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ mọ́, ẹ ta èyí tó ṣeé tà, ẹ fi èyí tó ṣeé fi tọrẹ tọrẹ. Ohun tẹ́ ò bá gbé, kò lè fọ́, ẹ ò sì ní san owó mọ́tò lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú àwọn ohun onígi dé, kẹ́ ẹ wo abẹ́ wọn. Bẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tó ń dà láti inú ihò tín-ín-rín, kòkòrò ti wà nínú igi yẹn. Bẹ́ ẹ bá rí ipa erùpẹ̀ tó gùn ún láti ilẹ̀, ikán ni. Ẹ pe káfíńtà kó tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó kó o, nítorí ẹni tó bá gbé ikán wọ ilé tuntun, òrùlé ló gbé lé e lọ́wọ́. Fóòmù náà, ẹ sá a sóòrùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ wo ojú rírán rẹ̀ bóyá ìdun wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tún mú bébà kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹrù ńlá sílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ta ló ṣe é, àwòrán ni yóò parí ìjà.

Ọ̀sẹ̀ kejì la máa di ẹrù. Ní ti ohun ìdìẹrù, ẹ má rò pé dandan ni kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan olówó ńlá. Ẹ bẹ àwọn onísọ̀ ọjà Ìkìrun tàbí ti Òkukù kí wọ́n bá yín tọ́jú páálí bíṣíkíìtì àti páálí ọṣẹ. Páálí ọtí tó ní ìpín-ìpín nínú dára gan-an fún ife àti ìgò. Ẹ kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, ẹ má sì da àkísà ìró àti aṣọ ìbora tó ti gbó nù. Gáná-mọ́s-gò wúlò fún aṣọ, fún ìrọ̀rí àti aṣọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n kò ní ara líle tó lè gba nǹkan lọ́wọ́ ìkọlù, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń já bí ẹrù bá wúwo. Ẹni tó bá kó àwo tánńganran sínú rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ ariwo. Ìwé kíkà wúwo ju bó ti rí lójú lọ. Páálí kékeré ni kẹ́ ẹ kó o sí, kí ìdí páálí má baà já láàárín ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àga àti tábìlì. Ìrókò, ọ̀gánwó àti tíìkì ni ọ̀pọ̀ ohun èlò àtàtà tí àwọn òbí wa ṣe, igi tí kì í tètè bàjẹ́. Ojú ìsopọ̀ ni igi ti máa ń kú. Bí ẹ bá wọ́ tábìlì nílẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á lọ sórí ẹsẹ̀ kan, ìsopọ̀ ẹsẹ̀ náà á sì tú. Nítorí náà, gbígbé ni, wíwọ́ kọ́. Ìjókòó la ti ń di àga mú, a kì í fi apá rẹ̀ gbé e. Ohun tó bá ṣeé tú, bíi bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ńlá, ẹ tú u. Bẹ́ ẹ ṣe ń tú u, ẹ kó ìṣó àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ẹ so ọ̀rá náà mọ́ ara ohun tẹ́ ẹ tú u lára. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀tún àti òsì sára pákó kọ̀ọ̀kan níbi tójú ò ti ní rí i. Bí ìṣó kan ṣoṣo bá sọ nù, bẹ́ẹ̀dì á máa dún yánkan-yànkan ní gbogbo òru.

Nígbà tó bá kan dídì, ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ọ̀rá yí tábìlì oní-pọ́líìṣì lára tààrà. Ooru á mú ọ̀rá yẹn lẹ̀ mọ́ pọ́líìṣì. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, á bó o. Bí òjò bá sì ń rọ̀, omi tó há sínú ọ̀rá á mú kí igi hu èébu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wé e, kí ọ̀rá wá wà lókè aṣọ fún òjò. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, kíá ni kẹ́ ẹ tú ọ̀rá. Igun tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ́kọ́ máa ń lu ògiri, ẹ ṣẹ́ páálí lé wọn lórí, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é, ṣùgbọ́n kí sẹ́lótéèpù má kan pọ́líìṣì.

Kọ́bọ́ọ̀dù òde òní nílò ìṣọ́ra tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe igi gidi. Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Bí omi bá kàn án, á wú, kì í sì í padà sípò. Bẹ́ ẹ bá tú ìṣó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ihò á gbòòrò, ìṣó ò ní dì í mú mọ́. Bó bá ṣeé gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹ má tú u. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ jáde, ẹ yọ dúrọ́ọ̀ àti pèpéle, ẹ fi okùn aṣọ de ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e lóòró.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ló yẹ ká ti kọ́ ti àwo. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé àwo kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ to wọ́n lóòró sínú páálí, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ ẹ bá tò wọ́n léra, ti ìsàlẹ̀ ló ń ru gbogbo wọn, òun náà ló sì máa fọ́ níbi gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Ẹ fi aṣọ há gbogbo àyè tó bá ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ wá gbé páálí náà, kẹ́ ẹ mì ín díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró, ẹ tún un há. Dígí náà, òró ni. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù sí ojú rẹ̀ láti igun dé igun. Kò ní dí i lọ́wọ́ kó má là, ṣùgbọ́n bó bá là, kò ní fọ́n ká ṣe ọmọdé léṣe.

Ó ku ẹ̀rọ. Firíìjì ló ń fa ẹjọ́ jù. Ẹ pa á ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí yìnyín yọ́, kẹ́ ẹ nu inú rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ di ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Òró la ti ń gbé e. Ìdí rẹ̀ nìyí: òróró wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó wà nídìí firíìjì. Bẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, òróró yẹn á ṣàn wọ inú páìpù tí kì í ṣe ààyè rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá tẹ iná mọ́ ọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsí òróró, á sì jóná. Bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn ju ká tẹ́ ẹ lọ, ẹ jẹ́ kó dúró lóòró di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tan iná sí i. Bí ẹran bá fẹ́ bàjẹ́, ẹ gbé e fún aládùúgbò; ẹran ò wọ́n tó firíìjì.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ náà kì í dùbúlẹ̀. Bí páálí rẹ̀ bá ṣì wà, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá a padà sí. Bí kò bá sí, ẹ fi aṣọ ìbora wé e, kí ojú rẹ̀ kọ sí ara fóòmù. Jẹnẹrétọ̀, ẹ fa epo inú rẹ̀ tán. Sílíńdà gáàsì, ẹ ti ẹnu rẹ̀ pa, ẹ gbé e nàró, kó má sì wà nítòsí jẹnẹrétọ̀. Bátìrì náà gbọ́dọ̀ nàró, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ lè jẹ fóòmù àti aṣọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú mọ́tò ẹrù rárá. Ìwé ẹ̀rí, rìsíìtì ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, òògùn tí ẹnìkan ń lò lójoojúmọ́, owó àti ohun ọ̀ṣọ́, inú báàgì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni. Aṣọ òkè, sányán àti àlàárì, ẹ ká wọn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun láàárín, kẹ́ ẹ má sì kó nǹkan wúwo lé wọn.

Ó wá di ọjọ́ ìkóẹrù. Ẹ bá awakọ̀ àti àwọn alábàárù sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan: èló ni, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣé wọ́n á gbé e wọlé ni àbí ẹnu géètì ni wọ́n máa já a sí, bí nǹkan bá sì fọ́ nítorí àìbìkítà, ta ni yóò san án? Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níwájú ẹlẹ́rìí. “Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọra” wúlò ju ariwo lọ, bẹ́ ẹ bá sì fún wọn ní omi tútù, ọwọ́ wọn á rọ̀.

Ohun tó wúwo jù ló ń kọ́kọ́ wọ mọ́tò, sí ẹ̀yìn orí ọkọ̀ níwájú. Lẹ́yìn náà ni kọ́bọ́ọ̀dù àti firíìjì ní ẹ̀gbẹ́, kí fóòmù wà láàárín wọn. Páálí wúwo wà nísàlẹ̀, fúyẹ́ wà lókè. Rọ́bà táyà tí àwọn awakọ̀ wa fi ń de ẹrù dára, ó ń fa, kì í já bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ha igi. Ẹ fi aṣọ sábẹ́ rẹ̀ níbi tó ti kan àga. Ẹ bo gbogbo rẹ̀ ní tàpólì, kódà bí òòrùn bá ń ràn, nítorí òjò oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá kì í kìlọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sórí ẹrù. Àga ṣeé rà; ẹ̀mí ò ṣeé rà.

Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ wọ ilé ṣófo náà lọ kí ẹrù tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo àjà bóyá òjò ń jò, ẹ fọwọ́ kan ògiri bóyá ó ṣì tutù. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀ máa ń fi omi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri kí atẹ́gùn máa gbà á kọjá. Lásìkò ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ó sì ń súnkì. Bí ìsopọ̀ àga bá fẹ́ là, ẹ má lù ú ní òòlù, ẹ pe káfíńtà kó fi gọ́ọ̀mù dì í. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969 ò bá ti fẹ́ ní oṣù kan sí i. Àwa ní oṣù náà, ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń kó lóṣù tó ń bọ̀, kó lọ bẹ onísọ̀ fún páálí lọ́la, kó kọ orúkọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó sì dá owó mọ́tò àti owó okùn sọ́tọ̀ kó tó dá owó ìṣílé. Ẹni tí kò bá sì kó lọ́dún yìí, kó ran aládùúgbò rẹ̀ tó ń kó lọ́wọ́.